Ọpẹ́ Tí Avis Dowse Kọ Sínú Ìwé Ìròyìn

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Avis Dowse ti ń ṣe ìwé ìròyìn abúlé Skelby. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe àṣìṣe. Ó kọ ọ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ta àlòkù aṣọ ní gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Nígbà tó máa fi rí i, ìwé ti dé gbogbo ilé. Ó wọ bàtà òjò, ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ilé àádọ́rùn-ún, ó ń gba ìwé padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ. Òjò ń rọ̀. Len, ọkọ rẹ̀, ní kó fi í sílẹ̀, pé ta ló tiẹ̀ ń ka ìwé náà.

Avis ní, "Èmi ń kà á."

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Ìwé náà kò ju abala méjì lọ, aláwọ̀ yẹ́lò. Ó ń jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù. Ológbò tó sọ nù wà níbẹ̀. Ihò tó wà lójú títì nítòsí ilé ọtí wà níbẹ̀. Ẹni tí àlùbọ́sà rẹ̀ tóbi jù, ẹni tó kú, ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín. Ẹni tó bímọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ́pọ̀ mọ́. Avis á tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí ọmọ wọn ń sùn kí ó tó lọ gbé ní ìlú ńlá. Ó máa ń pín ti ìsàlẹ̀ abúlé, Winnie Cutforth á pín ti òkè. Òun àti Winnie ti jọ ń lọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́rin.

Ní ìparí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ọpẹ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ní Skelby, ẹnì kan kì í ṣe nǹkan kí wọ́n má dúpẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó se tíì, lọ́wọ́ ẹni tó to àga, lọ́wọ́ ẹni tó fi ajá rẹ̀ sílé. Ẹni tí wọn kò bá dárúkọ á rí i. Kò ní sọ̀rọ̀. Kò sì ní to àga mọ́ títí láé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò sí láàárín abúlé. Inú pápá ló dá wà, lókèèrè. Àwọn àgbà ní àrùn kan ló lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ilé sún, ṣọ́ọ̀ṣì kò lè sún. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ síbẹ̀ gba àárín oko Maltby kọjá, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dọọdún, ní oṣù Karùn-ún, gbogbo abúlé á kọ́wọ̀ọ́ rìn láti ibi kànga àtijọ́, wọ́n á gba ọ̀nà yẹn, àlùfáà á máa súre fún ohun ọ̀gbìn, wọ́n á mu tíì nídìí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì padà sílé. Lẹ́yìn náà Avis á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìlà tó máa fi ń parí rẹ̀ kò yí padà: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert Maltby, tó fi inú rere yọ̀ǹda kí á gba orí ilẹ̀ rẹ̀ kọjá."

Len kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìdí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n sin ín sí. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Avis ń lọ síbẹ̀. Kì í pẹ́. Á yọ koríko, á bu omi sí òdòdó, á sọ ìròyìn díẹ̀, á padà sílé. Ojú rẹ̀ kò dára mọ́ fún wíwa mọ́tò. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń wá sí Skelby, ní ọjọ́rú, kò sì gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Títì wà lóòótọ́, máìlì méjì gbáko, kò ní ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè dúró sí, àwọn lọ́rì tó ń kó bíìtì lọ sí ilé iṣẹ́ ṣúgà ló ń sáré lórí rẹ̀. Ọ̀nà orí oko nìkan ló kù fún un.

Cuthbert Maltby kú nígbà òtútù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Giles, dé láti ìlú, ó jogún oko. Ní oṣù Kẹta, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Avis dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ó bá géètì irin tuntun àti àgádágodo. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Giles fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń kan pátákó mọ́ òpó.

"Giles, kí ni ti àgádágodo yìí?"

"Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Dowse. Ẹ má bínú. Ọ̀nà yìí ti di pípa."

"Ta ló pa á?"

"Èmi ni. Àwọn ajá ń dẹ́rù ba àgùntàn. Ẹ lè gba títì."

"O ti fi ẹsẹ̀ rin títì yẹn rí?"

Giles wo bàtà rẹ̀. Èèyàn burúkú kọ́. Ó ní òun lè fi mọ́tò gbé Avis lọ bí òun bá ráyè.

Avis ní, "Ọkọ mi ni mò ń lọ kí. Mi ò ní dúró de ìgbà tó o bá ráyè."

Ó yí padà sílé. Ó gbé òdòdó náà sínú ife omi nínú ilé ìdáná. Òdòdó náà wà níbẹ̀ títí ó fi rọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Desmond Leake pe ìpàdé. Òun ni alága ìgbìmọ̀ abúlé. Iṣẹ́ oníwòsàn ẹran ló ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì kúrò nínú bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé òfin fún wọn. Bí àwọn èèyàn bá rin ọ̀nà kan fún ogún ọdún ní gbangba, láìjà, láìfarapamọ́, láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀nà náà ti di tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò lè pa á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé onílẹ̀ ló yọ̀ǹda, onílẹ̀ lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà nígbà tó bá wù ú.

"Ogún ọdún?" ni Winnie wí. "Ìyá ìyá mi gba ibẹ̀ lọ ṣègbéyàwó."

"Kọ ọ́ sílẹ̀, Winnie. Kọ ohun tí ojú ìwọ fúnra ẹ rí. Fi ti ìyá ìyá ẹ sílẹ̀."

Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kọ ọ́ sílẹ̀. Avis ló kó gbogbo rẹ̀ jọ, ló tò ó, ló fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Giles gba lọ́yà. Ìjọba ní àwọn máa rán ọ̀gá kan wá ní oṣù Kẹwàá, á jókòó ní gbọ̀ngàn abúlé, á gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, á sì dájọ́. Avis gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, ìlà mẹ́ta. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọn kò rìn. Wọ́n dúró síbi kànga, àlùfáà súre láti òkèèrè.

Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Desmond dé ilé Avis láàárọ̀, kò tiẹ̀ bọ́ fìlà. Ó kó òkìtì bébà kan lé orí tábìlì ìdáná. Ẹ̀dà ni, láti ọ̀dọ̀ lọ́yà Giles. Avis kò nílò awò ojú rẹ̀ láti mọ ohun tó jẹ́. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ni. Ti oṣù Kẹfà ni gbogbo wọn, ọdún méjìlélógún lé ara wọn. Wọ́n ti fi bírò pupa yí ìlà ìkẹyìn po nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Giles ló ń kó wọn pa mọ́," ni Desmond wí. "Ó fi wọ́n tẹ́ inú dúrọ́ọ̀."

Avis fa ọ̀kan sún mọ́ra.

"Avis, 'tó fi inú rere yọ̀ǹda.' Ọdún méjìlélógún. Ọwọ́ ara wa la fi fún wọn lọ́bẹ."

"Mo rí i."

"Ta ló lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ Cuthbert?"

"Kò sẹ́ni tó lọ."

"Kò sẹ́ni?"

"Ta ló máa lọ? Cuthbert gan-an kì í ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bá mi sọ̀rọ̀ láyé ẹ̀, ìkan nínú ẹ̀ ni pé kí n sún mọ́tò mi kúrò níwájú géètì òun."

"Kí ló wá dé tó o fi kọ ọ́?"

Avis ronú sí i. Kò rò ó rí. "Ilẹ̀ ẹ̀ ni a gbà kọjá. Èèyàn á dúpẹ́. Kí ni ǹ bá kọ? Pé a rìn kọjá, ó sì dákẹ́?"

"Ká ní ohun tó o kọ nìyẹn, à bá ti ní ọ̀nà lónìí."

Ó jókòó. Avis gbé omi kaná, nítorí kò sí ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe. Nígbà tí tíì dé, Desmond rẹ ohùn sílẹ̀.

"O lè sọ pé o ò rántí mọ́. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọn ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu. O lè ní Len ló kọ ìlà yẹn."

"Len?"

"Kò lè ṣe é ní nǹkan mọ́."

"Mu tíì ẹ, Desmond."

Nígbà tó lọ tán, ó ka àwọn ìwé náà, gbogbo méjìlélógún, láti orí dé ìdí. Ká ní òun lọ sọ pé òótọ́ ni, pé àwọn gba ìyọ̀ǹda. Ìwé òun á mọ́, kò ní sí irọ́ nínú rẹ̀, ọ̀nà á sì lọ. Bí òun bá sọ pé kò sí ìyọ̀ǹda, ọ̀nà lè dúró, ṣùgbọ́n òun á dìde lójú gbogbo abúlé, òun á sọ pé òun ti ń kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Àwọn ará Skelby kò ní òwe yẹn. Ohun tí Avis sọ sí ara rẹ̀ ni pé, "Òmùgọ̀ obìnrin." Ó sì fọ ife méjèèjì.

Ní ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí kì í wá sí ìpàdé wá. Winnie ti gbé bísíkíìtì sórí tábìlì ẹ̀yìn, ó jókòó sí ìlà kejì, báàgì rẹ̀ lórí itan. Ọ̀gá tí ìjọba rán wá jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀ nítorí ó ti lọ rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Lọ́yà Giles jẹ́ obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù bí omi ẹ̀rọ.

Wọ́n pe Avis. Ó gbé àpò rẹ̀ dání bí ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì.

"Ìyáàfin Dowse, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Àyàfi àkókò ìsìn. Àlùfáà ló ń fún mi nìyẹn."

"Ẹ bá wa ka ìlà tí mo yí po."

Ó kà á.

"Nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Maltby àgbà yọ̀ǹda."

"Rárá. Kò yọ̀ǹda nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í."

Giles gbé ojú sókè.

"Ohun tẹ́ ẹ kọ kì í ṣe òótọ́, àbí?"

"Kì í ṣe òótọ́."

"Ẹ sì kọ ọ́ ní ìgbà méjìlélógún."

"Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rin ò sí lọ́wọ́ yín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Lọ́yà dúró kí ó tán.

"Kí ló dé?"

"Ọpẹ́ ni, ma. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ lẹ kọ nígbà yẹn, tó sì jẹ́ òní, tí ọ̀nà ti di pípa, lẹ ń parọ́." Lọ́yà ṣí ìwé kan. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà tó ṣáájú rẹ̀ gan-an. 'A dúpẹ́ lọ́wọ́ Winnie Cutforth, ẹni tí jáàmù elégédé rẹ̀ dùn dé góńgó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.' Ṣé òótọ́ nìyí?"

Avis mọ ibi tí obìnrin yìí ń lọ. Bó bá ní òótọ́ ni, a jẹ́ pé ọpẹ́ inú ìwé òun máa ń jẹ́ òótọ́. Ó wo ìlà kejì. Winnie ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó gbọnrangandan, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Ìyáàfin Dowse?"

"Rárá," ni Avis wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Kò dùn. Kò dùn rí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín."

Ẹ̀rín bú jáde, ìyẹn ẹ̀rín tó máa ń bọ́ mọ́ èèyàn lẹ́nu kí ó tó mọ̀. Ó ń jó lọ sókè sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á. Gbogbo wọn ló ti jẹ jáàmù yẹn. Lọ́yà ń ṣí ìwé lọ.

"'Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Desmond Leake sọ wọ gbogbo wa lọ́kàn.'"

"Èèyàn mẹ́ta sùn. Len hanrun."

"'Orin àlùfáà wú wa lórí.'"

"Ẹ gbà mí. Ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ ní kó kọrin."

Àlùfáà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Desmond pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn èèyàn ń nu ojú. Winnie nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó so bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò kánjú. Ó lọ sẹ́yìn, ó kó bísíkíìtì rẹ̀ padà sínú agolo, ó sì jáde. Avis wò ó títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Ọ̀gá ìjọba dúró títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀.

"Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ mi. Ìyáàfin Dowse, nígbà tẹ́ ẹ bá ń rin ọ̀nà yẹn, ta ni ó wà lọ́kàn yín pé ó fún yín láyè?"

"Kò sẹ́nì kankan lọ́kàn mi, sà. Ọ̀nà ni. Mo kàn ń rìn ín ni."

Ọ̀gá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ó lọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni oṣù mẹ́ta tó kún fún ìdúró. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, Avis gbé ìwé ìròyìn tàwọn apá òkè lọ sí ilé Winnie bí ó ṣe máa ń ṣe. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Iná ń jó nínú ilé. Ó rí òjìji Winnie lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

"Winnie, mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Ohùn kan dáhùn láti inú. "Gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí jáàmù ẹ̀ dùn."

Ó pín gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé àádọ́rùn-ún. Ọjọ́ méjì ló gbà á. Àwọn èèyàn ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn kan ń bi í pé kí ló rò gan-an nípa kéèkì àwọn. Kò rò nǹkan kan. Ní ilé ọtí, orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n fi ń mutí. Desmond kò bínú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé Len sùn, ó kù díẹ̀ kí òun náà sùn. Winnie ni kò yí padà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba ibi ọṣẹ kọjá bí Avis bá wà níbi búrẹ́dì. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ọmọ Avis fi mọ́tò gbé e lọ sídìí Len. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, nítorí àwọn ọmọ ń sunkún nínú mọ́tò. Kò ráyè sọ ìròyìn kankan fún un.

Ní ìparí oṣù Kìíní, lẹ́tà dé. Ojú ewé mẹ́rìnlá. Desmond kà á sókè fún Avis lórí tẹlifóònù. Ọ̀gá ìjọba kọ ọ́ pé ìwé ìròyìn náà ni òun kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ó ní ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda ní láti ti rí i gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì sí ẹ̀rí pé Maltby àgbà fún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun rí. Ó ní obìnrin tó kọ ọ́ ti fi hàn, ó sì ná an ní nǹkan láti fi hàn, pé ìwà pẹ̀lẹ́ lásán ni ọpẹ́ inú ìwé náà. Ọ̀nà di ti abúlé.

"O gbọ́, Avis?"

"Mo gbọ́."

"Kó o sọ nǹkan."

"Ojú ewé mẹ́rìnlá. Mi ò lè kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé."

Ìlà mẹ́rin ló kọ. Ọ̀nà ti ṣí. Ọjọ́ tí wọ́n máa yọ àgádágodo. Kí wọ́n so okùn mọ́ ajá lọ́rùn. Ó kọ "a dúpẹ́ lọ́wọ́," ó wò ó, ó pa á rẹ́.

Giles ló yọ géètì náà fúnra rẹ̀. Ó gbé àkàsọ̀ onígi tí èèyàn á fi gun orí wáyà kọjá síbẹ̀ dípò rẹ̀, iṣẹ́ tó dára, ó tiẹ̀ kan ọwọ́ mọ́ ọn kí àwọn àgbà lè dì í mú. Avis bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Ẹ dán an wò, Ìyáàfin Dowse. Ó lágbára."

"Mo rí i."

Ó dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Avis gun àkàsọ̀ náà, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì. Giles rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò ní dúpẹ́ ni?"

"Láéláé," ni Avis wí.

Ilẹ̀ tutù, ẹrẹ̀ pọ̀, ewé àlìkámà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó ti dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó rí i pé ẹnì kan wà níwájú. Winnie ni, ó dúró sójú kan, ó ń yọ ẹrẹ̀ lára bàtà pẹ̀lú igi. Kò sí ibi ọṣẹ kankan tó lè yà sí nínú pápá.

Wọ́n dúró. Ẹyẹ ìwò ń ké.

"Gbogbo ọdún?" ni Winnie wí. Kò gbé ojú sókè.

"Gbogbo ọdún."

"Ti ọdún tí wọ́n tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe ńkọ́? Ìgò méjì lo tún rà lọ́dún yẹn. Mo rántí. O ní Len ń fi ṣíbí bù ú jẹ."

Avis rántí. "Ìyẹn dùn," ló wí. "Mi ò parọ́. Ìyẹn dùn gan-an."

Winnie ń yọ ẹrẹ̀ lọ.

"Elégédé mi jẹrà lọ́dún yẹn," ló wí. "Ṣọ́ọ̀bù ìlú ni mo ti ra jáàmù náà. Mo fi omi gbígbóná rẹ bébà ara ìgò kúrò."

"Winnie Cutforth."

"Má pè mí."

"O gba ẹ̀bùn ìpele kìíní lọ́dún yẹn! Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri." Ó sọ igi náà nù. "Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n dìde ní gbọ̀ngàn bíi tìẹ?"

Avis fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò dá a lójú pé ó yẹ. Winnie kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kò ní kí Avis máa bọ̀. Kò ní kí ó má bọ̀. Wọ́n rìn bẹ́ẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí ọ̀nà náà kò gba èèyàn méjì.

Nígbà tí wọ́n dé, Winnie dúró síbi ògiri, ó yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Avis lọ sídìí Len. Koríko ti bo òkúta dé ìdajì. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà á tu. Ohun tó fẹ́ sọ pọ̀, oṣù mẹ́wàá ni, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ mú. Ó mú ti òrùlé gbọ̀ngàn.

"Ṣé o ti ṣe tán?" ni Winnie wí láti ibi ògiri. "Òtútù ń pa mí."

"Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ mélòó?"

"Máa lọ bó o bá fẹ́."

Winnie kò lọ.